Irinṣẹ́ Wo Ni Ká Fi Di Ẹrù Ètò Kọ̀ǹpútà fún Linux?

Ẹni tó bá dé ọjà Máìlì 12 ní ìdájí yóò rí i pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni ẹrù dídì. Inú apẹ̀rẹ̀ ni tòmátì ti ń bọ̀ láti Òkè Ọya, inú àpò ni ti àlùbọ́sà, iṣu ní tirẹ̀ kì í wọ inú ohunkóhun, ńṣe ni wọ́n ń tò ó lérí ara wọn. Kò sí oníṣòwò tó jẹ́ di tòmátì sínú àpò bí ẹni di ẹ̀wà, nítorí kí ọkọ̀ tó dé Kẹ́tù, omi ọbẹ̀ ló máa kù nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé, ọ̀nà tí yóò gbà, àti ẹni tí yóò tú u ni a ń wò kí a tó yan ohun tí a ó fi dì í. Ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó kọ ètò kan parí kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ó ku bí ètò náà yóò ṣe dé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tó kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi yóò béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ wo àwọn àpilẹ̀kọ tí a fi ń gba oyè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní kọ̀ǹpútà, àwọn taipíìsì la ń gbé iṣẹ́ fún. Ní àdúgbò tèmi, láti Ìkòsí títí dé Kẹ́tù, orí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni àwọn taipíìsì tí mo mọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Linux ni àwọn kan nínú wọn fi sórí tiwọn, nítorí pé a kì í san owó ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, kì í sì í ni ẹ̀rọ tó ti dàgbà lára tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ fún wọn, ohun tó sábà máa ń padà bọ̀ ni ìwé tí kò ní àmì ohùn, tí kò sì ní àmì kankan lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Igba, igbá, ìgbà àti igbà á wá di ọ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìwé lórí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ yóò wá bá igbá nínú iṣẹ́ ara rẹ̀, olùyẹ̀wò kò sì ní mọ̀ pé ọwọ́ taipíìsì ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Máàkì ló ń bá a lọ.

Nítorí èyí ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fi jọ kọ ètò kékeré kan. Bí taipíìsì bá tẹ ọ̀rọ̀ kan láìsí àmì, ètò náà yóò kó gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ kúkúrú, òun yóò sì mú èyí tó bá ìwé tó ń dà kọ mu. Ẹ tẹ oko, ẹ ó rí oko tí a ń dá, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Python ni a fi kọ ọ́. Kò tóbi rárá: àkójọ ọ̀rọ̀ kan, fáìlì ètò méjì, àti àwòrán kékeré kan tí a ó máa tẹ̀ láti ṣí i. Ìbéèrè tó kù ni èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: kí la ó fi dì í tí yóò fi dé orí ẹ̀rọ taipíìsì Kẹ́tù láìsí pé àwa méjèèjì ń lọ jókòó tì í?

Ó yẹ kí ẹni tí kò mọ Linux kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, tí ó sì gbé e síta kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Ìdílé púpọ̀ ti yọ láti ara rẹ̀. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní ọdún 1993. Láti ara Debian ni Ubuntu ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Èdè Zulu àti Xhosa ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ó sì fara jọ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Títí di ọdún 2011 ni wọ́n ń fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, ibikíbi tó wù kó wà láyé. Linux Mint tún yọ láti ara Ubuntu. Red Hat àti Fedora jẹ́ ìdílé mìíràn pátápátá.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lórí Windows, a sábà máa ń tẹ fáìlì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, ètò yóò sì gbé ara rẹ̀ kalẹ̀. Lórí Linux, ohun tí ará ilé Debian ń jẹ, ará ilé Fedora kì í jẹ ẹ́. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .deb ni Debian, Ubuntu àti Mint mọ̀; .rpm ni ti Fedora. Yàtọ̀ sí méjèèjì, àwọn irinṣẹ́ mìíràn wà tí wọ́n ní àwọn lè di ẹrù tí gbogbo ìdílé á lè tú.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí a mú èyí tó lókìkí jù lóde òní. Èmi ní kí a kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ẹrù ń lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. A rìn láti Ìkòsí dé Kẹ́tù, a sì rí ẹ̀rọ mẹ́rin tí Linux wà lórí wọn lọ́wọ́ àwọn taipíìsì: Ubuntu lórí méjì, Mint lórí méjì. A kò rí Fedora kankan. Dátà orí fóònù ni gbogbo wọn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í tàn án àfi bí oníbàárà bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́. Fláàṣì ni iṣẹ́ ń bá wọlé, fláàṣì náà ló ń bá jáde. Ohun méjì yìí, ìdílé ẹ̀rọ wọn àti àìsí dátà, ló ṣe ìdájọ́ fún wa ju òkìkí irinṣẹ́ kankan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .deb, nítorí òun ni mo mọ̀ jù. Irinṣẹ́ tí a fi ń dì í ń jẹ́ dpkg-deb, ó sì ti wà lórí Debian àti Ubuntu láti ilé wá. A kò ní láti wá a lọ síbì kankan. Ẹ ó ṣe fódà kan, ẹ ó sì to fáìlì sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti fẹ́ kí wọ́n wà lórí ẹ̀rọ oníbàárà. Ètò tí a ń ṣí yóò wà nínú usr/bin, àkójọ ọ̀rọ̀ nínú usr/share, fáìlì kékeré tí orúkọ rẹ̀ parí sí .desktop nínú usr/share/applications. Fáìlì .desktop yìí ni kì í jẹ́ kí taipíìsì máa kọ àṣẹ. Òun ló ń fi orúkọ ètò sínú mẹ́nù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣe fódà tí ń jẹ́ DEBIAN, ní lẹ́tà ńlá, ẹ ó sì kọ fáìlì kan tí ń jẹ́ control sínú rẹ̀. Tiwa rèé:

Package: akojo-oro
Version: 1.0
Architecture: all
Maintainer: orúkọ yín àti àdírẹ́sì lẹ́tà yín
Depends: python3, python3-gi, gir1.2-gtk-3.0
Description: Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn taipíìsì

Bí ẹ bá ti kọ èyí tán, àṣẹ kan ló kù: dpkg-deb --root-owner-group --build akojo-oro. Ẹrù ti di dídì. Ọ̀rọ̀ gígùn tó wà láàárín àṣẹ náà ń rí i pé ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀rọ ni àwọn fáìlì yóò wà lẹ́yìn títú, kì í ṣe ọwọ́ èmi tí mo dì í.

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. Debian kò gba ohunkóhun nínú orúkọ ẹrù ju lẹ́tà kékeré a sí z, nọ́ńbà, àmì ìròpọ̀, àmì ìyọkúrò àti àmì ìdánudúró lọ. Ètò tí a kọ kí àmì ohùn má baà sọnù kò lè fi àmì ohùn sórí orúkọ ara rẹ̀! A rí ọ̀nà díẹ̀ gbé e gbà. Ìlà Description gba àmì, bẹ́ẹ̀ sì ni fáìlì .desktop gba ìlà kan tí ń jẹ́ Name[yo], tí a kọ Àkójọ Ọ̀rọ̀ sí níwájú. Bí a bá fi ẹ̀rọ sí èdè Yorùbá, orúkọ yẹn ni mẹ́nù yóò gbé jáde.

Ìlà kẹta, Architecture: all, túmọ̀ sí pé irú ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, ẹrù kan náà ni. Àǹfààní Python nìyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kọ gan-an ni Python ń kà lórí ẹ̀rọ oníbàárà. Bí ó bá jẹ́ èdè C ni a fi kọ ọ́, a ó ní láti di ẹrù ọ̀tọ̀ fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ìlà Depends ni ojú ọ̀ràn. Ohun tí ètò yín gbára lé ni ẹ ń kọ síbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó bí ìyá tó ń ta ata ní Máìlì 12: ó ta ata fún yín, ó gbà pé epo àti iyọ̀ wà nílé yín. Bí epo kò bá sí ńkọ́? Bí ẹ bá lo àṣẹ dpkg -i, yóò kàn sọ fún yín pé epo kò sí ni, yóò sì fi ètò náà sílẹ̀ láìparí. Bí ẹ bá lo apt install ./akojo-oro.deb, yóò gbéra, yóò lọ ra epo wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, ṣùgbọ́n taipíìsì wa kò tan dátà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: ohun kan tí ẹ kọ sí Depends lè fa mẹ́wàá mìíràn lẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí a kò fi lo Tkinter láti ya ojú ètò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni Python fi ń bẹ̀rẹ̀. Python wà lórí Ubuntu láti ilé wá, ṣùgbọ́n ẹrù python3-tk kò bá a wá. GTK ni a lò, nítorí pé òun ni ojú Ubuntu fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ó ti wà nílé. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlà Depends wa kò pe ohunkóhun tí taipíìsì ní láti rà. Lójú tèmi, ìpinnu yìí ju yíyan irinṣẹ́ lọ. Ẹrù tó dára ni èyí tí a ti ń ronú nípa dídì rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń kọ ètò.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára .deb ni pé dpkg ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo fáìlì tó bá gbé kalẹ̀. Bí taipíìsì bá sọ pé òun kò fẹ́ ètò náà mọ́, apt remove akojo-oro yóò kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kò ní ṣẹ́ kù sí kọ̀rọ̀ kankan.

Makeself kò ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ yìí ń kó fódà kan sínú ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí a sábà máa ń fi .run parí orúkọ rẹ̀. Bí a bá ṣí i, yóò tú ara rẹ̀ síbì kan, yóò sì ṣe àṣẹ tí ẹni tó dì í ti kọ sílẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀, kò sì bìkítà bóyá Debian ni tàbí Fedora. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò fẹ́ ẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé láti fi fáìlì sínú usr, ó ní láti gba pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá ẹ̀rọ, nígbà tó bá sì ti gbà á tán, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ohun gbogbo wá dá lórí bí ẹni tó kọ àṣẹ náà ti fara balẹ̀ tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń dẹ́rù bà yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ìròyìn jáde nípa àṣìṣe kan nínú ìwé àṣẹ tó ń ṣí Steam, ètò tí Valve fi ń ta eré orí kọ̀ǹpútà, lórí Linux. Àṣẹ rm ni a fi ń pa fáìlì rẹ́. Wọ́n kọ orúkọ fódà Steam síwájú àmì / àti ìràwọ̀, kí ó lè pa ohun tó wà nínú fódà yẹn nìkan. Lórí ẹ̀rọ ẹni tó ti gbé fódà náà síbòmíràn, orúkọ yẹn di òfo, ó wá ku àmì / àti ìràwọ̀ nìkan, èyí tó túmọ̀ sí gbogbo ẹ̀rọ. Gbogbo fáìlì tí oníkọ̀ǹpútà ní agbára lé lórí ló ń pa rẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá ni Valve, wọ́n sì ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ká sọ pé orí ẹ̀rọ taipíìsì Kẹ́tù ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí a ń fi àpilẹ̀kọ sílẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ogún lórí rẹ̀?

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé .deb náà lè ní irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú. Bí fáìlì kan bá wà nínú fódà DEBIAN tí ń jẹ́ postinst, dpkg yóò ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára ọ̀gá ẹ̀rọ. Ìyàtọ̀ ni pé .deb lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìní i rárá. Tiwa kò ní i. Fáìlì lásán ni dpkg ń tò.

AppImage dára púpọ̀, mo sì rò pé bí ó bá jẹ́ ètò tó tóbi ni, òun là bá mú. Simon Peter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gbé oúnjẹ wá nínú abọ́ pẹ̀lú omi àti ṣíbí: ohun tí ètò gbára lé wà nínú fáìlì kan náà. A kì í gbé e kalẹ̀ rárá. A ó fún fáìlì náà ní àṣẹ kí ó lè ṣiṣẹ́, a ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ètò wa tí kò tó mẹ́gábáìtì kan yóò ní láti ru Python àti GTK lórí, yóò sì di ọ̀pọ̀lọpọ̀ mẹ́gábáìtì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti Ubuntu 22.04 ni libfuse2, tí ọ̀pọ̀ AppImage nílò láti ṣí, kò ti bá ẹ̀rọ wá mọ́. Àwọn irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ń di AppImage ti ń yọ ìṣòro yìí kúrò, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ṣì pọ̀ níta. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ dì í lórí Linux tó dàgbà jù tó fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lé lórí, nítorí ohun tí a bá dì lórí ẹ̀rọ tuntun lè kọ̀ láti ṣí lórí ti àtijọ́. Ìkìlọ̀ kan náà kan PyInstaller, tó ń di Python mọ́ ètò tí a fi Python kọ.

N kò ní pẹ́ lórí Flatpak àti Snap. Flatpak nílò ìpìlẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ kí ètò kankan tó ṣiṣẹ́, ìpìlẹ̀ náà sì lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì. Ta ni yóò san dátà rẹ̀? Snap ni ti Canonical, ilé iṣẹ́ tó ni Ubuntu, ó sì ti wà lórí Ubuntu. Ṣùgbọ́n láti Mint 20, tó jáde ní ọdún 2020, ni àwọn oní-Mint ti dínà fún un, àfi bí onílé bá ṣí i fúnra rẹ̀. Ìdajì ẹ̀rọ wa ti lọ nìyẹn.

Bí ẹnì kan bá ní àwọn oníbàárà nílé Debian àti nílé Fedora, kí ó wo fpm, tí Jordan Sissel kọ. Láti inú fódà kan náà ni yóò ti di.deb àti .rpm. Àwa kò nílò rẹ̀ báyìí. A mú .deb.

Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá ńkọ́? A kò dì í mọ́ ọn, nítorí pé ó ti wà lórí Linux tipẹ́. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń ṣètò bọ́tìnnì, ẹ wá Nàìjíríà, ẹ ó rí Yorùbá pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Nínú àwọn taipíìsì tí a bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìwé pélébé kan tó ń fi ibẹ̀ hàn wọ́n ti tó, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fláàṣì.

Ó ku ìdánwò. Orí ẹ̀rọ ẹni tó kọ ètò kò ṣeé gbára lé fún èyí, nítorí ó ti kó oríṣiríṣi nǹkan sórí rẹ̀, gbogbo ohun tí Depends gbàgbé ló wà níbẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a fi fláàṣì ṣí Ubuntu tuntun, èyí tí a lè lò láìgbé e kalẹ̀, a pa íntánẹ́ẹ̀tì, a wá gbé .deb wa kalẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà la ṣe Mint. Ètò tó bá ṣí níbẹ̀ yóò ṣí ní Kẹ́tù.

Ohun ìkẹyìn tó yẹ kí a rò ṣáájú ni ìgbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Bí 1.1 bá jáde, dpkg yóò rọ́pò gbogbo fáìlì 1.0 tó wà nínú usr/share, títí kan àkójọ ọ̀rọ̀. Àwọn taipíìsì sì ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un: orúkọ àdúgbò, oríkì, orúkọ ewé àti egbò tí kò sí nínú tiwa. Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn bá wà níbi kan náà pẹ̀lú tiwa, ọjọ́ tí a bá gbé 1.1 kalẹ̀ ni wọn yóò lọ. Nítorí náà, ètò náà ń kọ wọ́n sínú fáìlì ọ̀tọ̀ nínú fódà onílé, lábẹ́ .local/share, níbi tí dpkg kì í dé. Fáìlì yẹn náà ni kí taipíìsì dà kọ sórí fláàṣì bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ, a sì ti bẹ àwọn tó bá yọ̀ǹda pé kí wọ́n fún wa ní ẹ̀dà rẹ̀ kí 1.1 tó jáde.